Láptọ́ọ̀pù ni kí ẹ rà fún un

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ ní ọmọ yín fẹ́ wọ yunifásítì, owó ọwọ́ yín ò sì ká ju ẹyọ kan lọ: ṣé táblẹ́ẹ̀tì ni àbí láptọ́ọ̀pù? Láptọ́ọ̀pù ni, tèmi o.

Mo ti fi táblẹ́ẹ̀tì kọ iṣẹ́ olójú-ewé 15 rí. Kíbọ́ọ̀dù tó ń yọ lójú rẹ̀ á bo bí ìdajì ohun tí mò ń kọ. Bí mo bá ṣí ìwé tí mo fẹ́ wò, èyí tí mò ń kọ á pòórá. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, bí adìẹ tó ń ṣá àgbàdo jẹ. Ìgbà tí mo fi ra kíbọ́ọ̀dù àti ohun tó ń gbé e dúró tán, owó tí mo ti ná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti láptọ́ọ̀pù.

Ẹ tún wo ohun tó fẹ́ lọ kọ́. SPSS, tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ìwádìí, àti Revit, táwọn ayàwòrán-ilé ń lò, kì í ṣiṣẹ́ lórí iPad tàbí Android.

Bí ẹ bá wá fẹ́ rà á, ẹ má gba èyí tí RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) jẹ́ 4GB. Lóòótọ́, Microsoft ní 4GB tó fún Windows 11, àmọ́ kó ṣáà ti tàn nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 8GB, kó sì jẹ́ SSD, ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ tó yára, ló wà nínú rẹ̀.

Táblẹ́ẹ̀tì fúyẹ́, ó dáa fún ìwé kíkà lórí ibùsùn. Àfi tó bá jẹ́ àwòrán yíyà lọmọ náà ń lọ kọ́, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn.