Gbé e lọ bẹ́ẹ̀, má dúró kó dán

Àbúrò mi, o ní iṣẹ́ animation tó o fẹ́ fi jáde ní skúùlù ò tíì dé ìdajì, wọ́n sì ní kó o wá fi han kíláàsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, o wá ń béèrè bóyá kó o tọrọ àyè kó o lè kùn ún kó dán díẹ̀. Má tọrọ àyè kankan jàre. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mo ti fi tèmi hàn, mo sì ti jókòó wo tàwọn ẹlòmíì, bí iṣẹ́ bá ṣe ń dán sí i ni òótọ́ tí wọ́n máa sọ fún ẹ ń dínkù, torí wọ́n á rí wàhálà tó o ti ṣe, àánú ẹ á ṣe wọ́n, wọ́n á kàn ní ó dáa, ó dáa.

Ṣírò ẹ̀ wò náà. Frame, ìyẹn ojú àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá lójú ẹ, 24 ló wà nínú sẹ́kọ́ọ̀ǹdù kan, ká tiẹ̀ ní àwòrán kan lò ń lò fún frame méjì méjì, ìṣẹ́jú kan péré ti gba àwòrán 720. Tí wọ́n bá ní kó o yọ shot (ìran kan tí kámẹ́rà ò gé) sẹ́kọ́ọ̀ǹdù mẹ́wàá kan nígbà tó ṣì jẹ́ animatic (àwòrán àkọ́yà tí wọ́n tò tẹ̀ léra bíi fídíò), àwòrán mélòó lo máa jù nù? Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn tó o ti yà á tán ni, 120 ló lọ yẹn. Toy Story tó jáde ní 1995 pàápàá, nígbà táwọn Pixar tó ṣe é gbé story reel ẹ̀ (irú animatic yẹn náà ni) lọ fún Disney ní 1993, ṣe ni wọ́n dá iṣẹ́ dúró torí Woody, ẹni tí ìtàn dá lé, ti ya ìkà jù, wọ́n sì lọ tún ìtàn kọ.

Èmi, ìyá tó ń gún iyán ni mo gbé lọ, blocking lásán, ìyẹn ìdúró pàtàkì pàtàkì nìkan, kò sí àwọ̀ kankan. Olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ gèlè, ọmọbìnrin kan tí kì í ṣe ará ẹ̀ka wa, tó kàn tẹ̀lé ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá, ló ní "ìyá yìí ò gún nǹkan kan o, ó kàn ń gbé ọmọ odó sókè sódò ni." Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́, frame 12 ló fi ń lọ sókè, 12 ló fi ń bọ̀. Mo sọ ìlọsókè di 14, mo jẹ́ kó dúró díẹ̀ lókè, mo wá jẹ́ kó já wálẹ̀ láàárín frame mẹ́rin, orúnkún ìyá tẹ̀, iyán sì di ọmọ odó mú díẹ̀ kó tó fà á yọ. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wúwo. Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan nípa timing, ìyẹn iye frame tí ìṣesí kọ̀ọ̀kan ń gbà, ohun tójú ẹ̀ rí ló sọ, irú ọ̀rọ̀ yẹn ni kó o máa wá.

Tó o bá débẹ̀, sọ ibi tíṣẹ́ dé, pé blocking ni, pé ohùn yẹn kì í ṣe ohùn gidi, àmọ́ má sọ ìtàn fún wọn ṣáájú, torí ohun tó o bá sọ ni wọ́n máa rí. Jẹ́ kó lọ tán lẹ́ẹ̀kan, ojú wọn ni kó o máa wò, má wo screen, wàá rí ibi tẹ́nì kan ti yọ fóònù. Lẹ́yìn náà ni kó o béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá ń sọ ọ́, jọ̀ọ́ má gbèjà ara ẹ, bó o bá ti ń ṣàlàyé báyìí wọ́n á dákẹ́ ni. Ní kẹ́nì kan bá ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Má ṣí project gan-an níbẹ̀ o, kọ̀ǹpútà wọn lè máa fà, timing ẹ á bàjẹ́ lójú wọn. Fídíò ni kó o gbé lọ, kí nọ́ńbà frame hàn lára ẹ̀ (tó bá jẹ́ Blender, app tí wọ́n fi ń ṣe animation, lò ń lò, wo Metadata, mú Burn Into Image), kí wọ́n lè tọ́ka síbi kan pàtó.

Tó o bá tún un ṣe tán, pe ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn padà, má sọ ohun tó o yí fún un. Tí kò bá mẹ́nu kan ibẹ̀ mọ́, bọ́ sórí shot tó kàn.