Èsì: Ṣé prime ni 123456789?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọmọ yín ní Kubwa ń bá yín jiyàn pé prime ni 123456789, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra ẹ̀ nìkan ló lè pín in láìṣẹ́kù. Rárá o, kì í ṣe prime rárá. Ẹ ro dígíìtì ẹ̀ pọ̀ láti 1 títí dé 9, 45 ló máa fún yín, 9 sì pín 45 géérégé. Nọ́ńbà tí 9 bá ti pín àròpọ̀ dígíìtì ẹ̀, 9 máa pín òun náà, torí náà 9 máa pín nọ́ńbà yẹn gan-an láìṣẹ́kù. Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé tẹ́ ẹ bá da àwọn dígíìtì yẹn rú bó ṣe wù yín, bíi ká kọ ọ́ ní 918273645, 45 náà ṣì ni wọ́n máa jẹ́, ọ̀nà 362880 lẹ lè gbà tò wọ́n, kò sì sí ẹyọ kan tó máa jẹ́ prime níbẹ̀.

Tí ọmọ yín bá fẹ́ mọ gbogbo prime tá a máa sọ di púpọ̀ kó tó di 123456789, 3 × 3 × 3607 × 3803 ni, prime ni méjì tó gbẹ̀yìn yẹn. Inú gosiló Nyanya ni mo ti ń fi kakulétọ̀ fóònù wá 3607 yẹn kiri lọ́jọ́sí, díẹ̀ ló kù kí bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ibi tí mò ń lọ 😂

Ẹ ní kó tẹ 123456789 × 8 kó wá fi 9 kún un, kó wo nǹkan tó máa jáde: 987654321. Ìyẹn náà kì í ṣe prime o, kó má tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn míì.