Kí Ni Ìtumọ̀ "Dona" Tí Àwọn Pọtogí Ń Fi Síwájú Orúkọ Obìnrin?

Àlàyé kan ń jà ràn-ìn pé inú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ẹ̀bùn ni "dona" ti wá, nítorí pé ẹ̀bùn ni obìnrin jẹ́ fún ọkọ rẹ̀. Àlàyé tí ó dùn létí ni, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn náà "domina" ni ó di dona, ó sì bá "domus", èyí tí í ṣe ilé, tan. Obìnrin tí ó ni ilé, tí àṣẹ ibẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni à ń pè bẹ́ẹ̀.

Láyé àtijọ́, ayaba àti àwọn ọmọ ọlọ́lá ni oyè yìí wà fún, bíi Dona Maria Kìíní tí ó gorí ìtẹ́ ní 1777, kí ó tó di ti gbogbo obìnrin tí a bọ̀wọ̀ fún. Orúkọ obìnrin náà gan-an ni ó sì máa ń ṣáájú, kì í ṣe ti ìdílé ọkọ. Ẹ wo ìyá Caetano Veloso àti Maria Bethânia, àwọn olórin ńlá nì, ní Santo Amaro ní Bahia, ìpínlẹ̀ kan ní Bràsíl tí wọ́n ti ń sọ èdè Pọtogí: Claudionor ni orúkọ rẹ̀, wọ́n gé e kúrú sí Canô, Dona Canô ni tọmọdé tàgbà sì ń pè é títí ó fi kú ní 2012 lẹ́ni ọdún 105. Àwa ìbá ti fi orúkọ ọmọ pè é tipẹ́tipẹ́.

Ẹnu àwọn ọlọ́rìṣà Bahia ni ẹ̀rí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ wà. Ẹni tí Ọ̀ṣun bá ni orí rẹ̀ yóò ní Ọ̀ṣun ni "dona da minha cabeça", ìyẹn ni pé òun ni ó ni orí mi. Yemọja ni "dona do mar", ẹni tí ó ni òkun, tí wọ́n ń gbé òdòdó àti lọ́fíńdà lọ bá ní Rio Vermelho ní Salvador ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé lọ́dọọdún. Òun ni wọ́n ń ta lọ́rẹ. Òun kọ́ ni ọrẹ. "Oní" tiwa gan-an ni dona ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ká mi lára pé àwa tí a ni Ọ̀ṣun àti Yemọja la tún ń pín àlàyé ẹ̀bùn yìí kiri.

Bí ẹ bá fẹ́ pe àgbàlagbà obìnrin ní Bràsíl, ẹ so dona mọ́ orúkọ rẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá pè é ní dona lásán láìdárúkọ, ó lè dún létí rẹ̀ bí ẹni pé ẹ ń jágbe mọ́ ọn láàárín títì.