Páànù ilé ń jò: ṣé ká tún un ṣe ni, àbí ká ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò?

Ìbéèrè: Ilé tí bàbá wa kọ́ sí Ìbàdàn ní 1989 ni. Yàrá mẹ́rin ni, páànù onírin ni wọ́n fi bò ó, a kò sì tíì pààrọ̀ rẹ̀ rí. Láti òjò ọdún tó kọjá ló ti ń jò sí yàrá méjì. Káfíńtà kan ní ká ṣí gbogbo rẹ̀, ká kan alumíníọ̀mù. Èkejì ní òun á fi ọ̀dà dúdú dí ojú ihò, ó parí. Owó ọwọ́ wa kò pọ̀. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Káfíńtà tó bá dúró nílẹ̀, tó gbójú sókè, tó sì dá iye owó, páànù nìkan ló rí. Igi tó wà lábẹ́ páànù ló sì ń sọ bóyá òrùlé ṣì gba àtúnṣe. Páànù tó bàjẹ́ ṣeé yọ lẹ́yọ kan, lẹ́yọ méjì, kí a fi tuntun rọ́pò. Igi tó ti jẹrà kò lè di ìṣó mú. Ìbáà jẹ́ páànù àtijọ́ tàbí alumíníọ̀mù tuntun ni ẹ kàn mọ́ ọn, ìjì àkọ́rọ̀ òjò yóò ṣí i lọ.

Nítorí náà, inú àjà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ tí oòrùn mú, ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán. Kí ẹni tó máa gòkè máa tẹ orí igi, kó má tẹ àárín àjà, torí kò lè gbé e. Bó bá jẹ́ àjà asbestos ni, bí ọ̀pọ̀ ilé ìgbà náà ṣe ní in, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má sì gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Eruku yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àìsàn rẹ̀ tó hàn. Kí ẹni tó gòkè pa tọ́ọ̀ṣì, kó jókòó nínú òkùnkùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbogbo ibi tó ti lu á máa tàn bí ìràwọ̀. Kí ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí wọn, kó sì kà wọ́n.

Lẹ́yìn èyí, kí ó tan tọ́ọ̀ṣì, kó máa wo ojú ọ̀nà tí omi ń gbà lára igi. Omi kì í sábà kán sí ìsàlẹ̀ ihò tó gbà wọlé. Á rọra tẹ̀lé igi sọ̀kalẹ̀, á rin ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, márùn-ún, kó tó já bọ́ sórí àjà. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń dí páànù tó wà lókè àbàwọ́n gan-an fi máa ń padà wá lọ́dọọdún. Láti ibi àbàwọ́n, apá òkè ni kí ẹ máa wá a sí, kò sí ní ìsàlẹ̀.

Sikirudíráfà ni kí ó fi yẹ igi wò. Kí ó fi agbára ọwọ́ nìkan tì í sínú igi tó dábùú tí a kan páànù mọ́, sínú igi ńlá tó gbé ìyẹn, àti sínú igi tó sùn lórí ògiri. Kí ó fojú sí etí òrùlé dáadáa, torí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń jẹrà. Bí ẹnu rẹ̀ bá wọlé ju ìdajì ínṣì lọ, igi yẹn ti lọ. Kí ó tún fi òòlù kàn án: igi tí ikán ti jẹ máa ń dún bí àgbá òfìfo, kódà bí ara rẹ̀ ṣì dán.

Ó wá ku páànù fúnra rẹ̀. Irin tí a fi síńkì bò ni. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun lára rẹ̀, síńkì ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ kàn fọ̀ ọ́. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú ló ń sọ pé síńkì ti tán, pé irin ti wà níhòòhò. Síbẹ̀ ìpáàrà yàtọ̀ síra. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á: bí irin tó mọ́ bá yọ, tí kò sì ṣe kòtò wẹẹrẹ, ọ̀dà lè gbà á là. Bó bá ń bó ní ìpele-ìpele, tàbí tí ìdí òòlù tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ má na owó ọ̀dà lé e lórí.

Ibi tí ojú kò tó ló burú jù. Níbi tí páànù méjì ti gun ara wọn, omi ń há sáàárín wọn, kì í tètè gbẹ. Òkè lè mọ́ nígbà tí abẹ́ ti jẹ tán. Ẹ yọ ìṣó méjì mẹ́ta, kí ẹ gbé etí páànù sókè wò, ó kéré tán ní ibi mẹ́rin. Bí igi máńgòrò bá ṣíji bo òrùlé, ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ yẹn wò dáadáa, torí ewé tó kó jọ ń mú kí páànù tutù títí.

Ní ti páànù tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lé, ìṣó ló sábà ń fa ọ̀pọ̀ jíjò. Páànù ń fẹ̀ nínú oòrùn, ó ń súnkì lálẹ́, ó sì ń fa ìṣó jáde díẹ̀díẹ̀, rọ́bà ìdí rẹ̀ náà á là. Kíkàn án padà sínú ihò kan náà kò wúlò, á tún jáde. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi sìkírù tó gùn jù ú lọ, tó ní wọ́ṣà rọ́bà, rọ́pò. Orí òkè páànù, ìyẹn ibi tó yọ sókè lára rẹ̀, ni ìṣó àti sìkírù gbọ́dọ̀ wọ̀, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀. Àwọn kan ń kàn án sínú kòtò torí pé ó máa ń le pinpin níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà omi gan-an ni wọ́n lu yẹn.

Báyìí ni mo ṣe máa ń pinnu. Bí igi bá le, tí páànù tó bàjẹ́ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ tún un ṣe. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Bí igi bá ti jẹrà ní ọ̀pọ̀ ibi, tàbí tí páànù ti ń bó níbi tí wọ́n ti gun ara wọn káàkiri, àtúnṣe á kàn jẹ owó yín ni. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹni tó ní kí ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà.

Bó bá jẹ́ àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí páànù tuntun gun ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ínṣì 6, kó tó 9 bí òrùlé kò bá dagẹ̀rẹ̀ púpọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́, kó gun òkè kan àtààbọ̀. Ìlà-oòrùn ni ìjì òjò tiwa ti sábà ń wá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí etí tó ṣí kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ihò kékeré ṣeé lẹ̀ pẹ̀lú ègé páànù onírin àti sílíkónì, ṣùgbọ́n ẹ yẹra fún sílíkónì tó ń rùn bí fínígà, torí ásíìdì inú rẹ̀ ń jẹ síńkì. Ẹ má fi alumíníọ̀mù lẹ páànù onírin tó ti dógùn-ún. Omi tó bá há sáàárín wọn yóò máa jẹ alumíníọ̀mù náà.

Ọ̀dà dúdú tí káfíńtà kejì ń wí lè gbé yín la òjò ọdún kan já. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn máa ń mú kó gbẹ, kó sì là, omi á wọ abẹ́ rẹ̀, ìpáàrà á máa jẹun níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i. Bí ẹ bá fẹ́ kun òrùlé, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpáàrà, ẹ kun práímà irin (ọ̀dà àkọ́kùn) lọ́jọ́ yẹn kan náà, lẹ́yìn náà ẹ kun ọ̀dà òrùlé lẹ́ẹ̀mejì.

Bó bá jẹ́ pípààrọ̀ pátápátá, ẹ kọ́kọ́ ṣírò fúnra yín. Ká ní ilé gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní 9, òrùlé sì yọ jáde ní sẹ́ńtímítà 60 yíká. Ìyẹn jẹ́ 13.2 lọ́nà 10.2, nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 135. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ dígíríì 20, ẹ fi 1.064 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 143. Bó bá jẹ́ dígíríì 30, ẹ lo 1.155, ó di nǹkan bí 156. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún ibi tí wọ́n á ti gé e. Ẹni tó bá dárúkọ iye tó fi púpọ̀ ju èyí lọ, kí ó ṣàlàyé.

Alumíníọ̀mù mìlímítà 0.55 ni mo máa ń ní kí èèyàn rà. Ti 0.45 kò wọ́n tó o, ṣùgbọ́n ó tètè ń tẹ̀ bí wọ́n bá ń rìn lórí rẹ̀. Ẹ fi irin ìdíwọ̀n tó ń wọn nínípọn wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kan tuntun lé páànù àtijọ́ lórí: ẹ kò ní rí igi tó jẹrà, irin tó dógùn-ún á sì máa jẹ alumíníọ̀mù láti abẹ́. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi símẹ́ńtì tútù lẹ etí rẹ̀ mọ́ ògiri, símẹ́ńtì náà ń jẹ ẹ́. Ní etí àti ní ṣóńṣó òrùlé, kí wọ́n kan gbogbo òkè páànù; ní àárín, wọ́n lè máa fo ọ̀kan. Etí ni afẹ́fẹ́ ti máa ń kọ́kọ́ gbé òrùlé, nítorí náà kí wọ́n fi irin so igi ńlá mọ́ ògiri pẹ̀lú.

Ohun kan tún wà tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà: bí omi bá ń kán láàárọ̀ ní àsìkò ọyẹ́, tí òjò kò rọ̀, páànù kò jò. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ilé ló di omi lára páànù tútù. Ihò afẹ́fẹ́ ni àjà ń fẹ́.

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí. Kí wọ́n má ṣí ju ìwọ̀n tí wọ́n lè bò padà kí ilẹ̀ tó ṣú lọ, kí ẹ sì ra tapólì sílẹ̀. Páànù tó bá ṣì le nínú èyí tí wọ́n yọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o lọ. Ó tó bo ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé.