Bí ọ̀gá bá yí ọjọ́ iṣẹ́ tí ẹ jọ fẹnu kò sí

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, ó sì dùn mí. O ní nígbà tí ilé ìtajà yẹn gbà ọ́ síṣẹ́ ní Adó, àdéhùn yín ni pé o ò ní máa wá ní Àbámẹ́ta nítorí ẹ̀kọ́ rẹ. Wọ́n ti wá fi Àbámẹ́ta kún un báyìí, wọ́n ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó máa lọ. O wá ń béèrè bóyá kó o gba kámú ni àbí kó o jókòó sílé. Má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, ìwé ni kó o kọ sí wọn.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọsibítù aládàáni kan níbí. Yàrá káàdì ni mo wà. Kí n tó gba iṣẹ́ ni mo ti sọ fún wọn pé Ọjọ́bọ̀ ni màmá mi máa ń lọ sí kílíníìkì ní Ìdó, àti pé èmi ni mo ń mú wọn lọ torí wọn ò lè dá wọ ọkọ̀. Ọ̀gá gbà. Ó fi bíró kọ ọ́ sí etí lẹ́tà ìgbani-síṣẹ́ mi pé Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ọ́ọ̀fù mi, ó sì buwọ́ lù ú. Nígbà tó yá, ẹnìkan fiṣẹ́ sílẹ̀ ní yàrá káàdì, wọn ò sì gba ẹlòmíì. Mo kàn dé láàárọ̀ ọjọ́ kan ni, mo bá rósítà tuntun lára ògiri, wọ́n ti gbé ọ́ọ̀fù mi lọ sí Ìṣẹ́gun. Ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kọ̀wé: “Ẹ káàárọ̀ sà. Mo rí rósítà tuntun. Ọjọ́bọ̀ ni a jọ fẹnu kò sí, ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà mi. Mi ò fara mọ́ àyípadà yìí, àmọ́ mo ṣì ń wá síbi iṣẹ́, mo sì fẹ́ ká jọ sọ ọ́.” Kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Mo tún fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp kí ọjọ́ àti aago lè hàn. Tó o bá ń lọ ní Àbámẹ́ta láìsọ̀rọ̀, bó bá pẹ́ díẹ̀ wọ́n á ní o ti gbà á. Tó o bá sì jókòó sílé, wọ́n á ní o pa iṣẹ́ tì. Ọ̀rọ̀ á wá kúrò lórí àdéhùn tí wọ́n yẹ̀, á di ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa Nàìjíríà (Labour Act), tó ti wà láti 1974, dáàbò bo àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àtàwọn akọ̀wé. (Àwọn alákòóso àti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ò sí lábẹ́ rẹ̀, ìwé àdéhùn wọn ni wọ́n máa gbára lé.) Abala 7 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ ìlànà iṣẹ́ rẹ̀, títí kan wákàtí iṣẹ́, kí oṣù 3 tó kọjá. Bí ohunkóhun bá yí padà níbẹ̀, kó fi ìwé sọ ọ́ láàárín oṣù 1. Abala 13 ní kí òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ 1, wákàtí 24 gbáko, nínú ọjọ́ 7. Kò dárúkọ ọjọ́ kankan o. Nítorí náà, má lọ sọ pé òfin ló fún ọ ní Àbámẹ́ta. Àdéhùn yín ló fún ọ, orí ìyẹn ni kó o dúró sí.

Wọ́n á gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kó o wá àgbà ìlú ọ̀gá rẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n gba èmi náà bẹ́ẹ̀, mo kọ̀. Ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ mi á di oore tó ṣe mí, yóò sì gbà á padà nígbà tó bá wù ú. Mátíróònù ni mo lọ bá, mo mú káàdì kílíníìkì màmá mi dání. Mo sì ti bá ẹnìkejì mi sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n fún ní Ọjọ́bọ̀ tó sì jẹ́ pé Ìṣẹ́gun ló wù ú. Ṣe la kàn pààrọ̀. Àmọ́ wọ́n ti yọ lára owó oṣù mi torí Ọjọ́bọ̀ kan tí mo lọ sí Ìdó kó tó yanjú, bẹ́ẹ̀ mo ti kọ̀wé ṣáájú. Mo tún kọ̀wé béèrè rẹ̀, wọ́n sì san án.

Tí tìrẹ bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ́fíìsì Mínísítírì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ (Ministry of Labour) ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Adó, kó ìwé rẹ lọ bá wọn. Tó o bá sì pinnu láti kúrò, fún wọn ní nótíìsì kí wọ́n má rí nǹkan dì mọ́ ọ lọ́rùn: ọ̀sẹ̀ 1 bó o bá ti lò ju oṣù 3 lọ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 bó bá ti pé ọdún 2, oṣù 1 bó bá ti pé ọdún 5. Wo lẹ́tà rẹ wò bóyá tiwọn gùn jù bẹ́ẹ̀.

Tí wọn ò bá fún ọ ní lẹ́tà rí, ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp nígbà tí wọ́n gbà ọ́ wúlò, rósítà àtijọ́ náà wúlò. Ya fọ́tò rẹ̀ lónìí kí wọ́n tó já a kúrò lára ògiri. Gba ìwé àkókò ẹ̀kọ́ rẹ ní iléèwé, kó o fi ti ìwé tó o máa kọ sí wọn. Bó o bá kọ ọ́ tán, jẹ́ kí n bá ọ kà á kó o tó fi ránṣẹ́.