Sikọ́láṣíìpù iṣẹ́ ẹ̀rọ fún ọmọ SS3: ta ni kí ẹ mú?

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ ní ẹgbẹ́ yín ti rí owó tó lè rán ọmọ mẹ́ta láti SS3 lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, pé lẹ́tà ti ń wọlé láti Ìjẹ̀dẹ̀ títí dé Ìmọ̀tà, ẹ wá ń béèrè bóyá máàkì mock ni kí ẹ fi yàn wọ́n tàbí kí ẹ ní kí wọ́n kọ àròkọ. Ohun èlò iná ni mò ń tà ní Ṣàbọ̀, Ìkòròdú níbí, mo sì ti bá wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan ọmọ fún irú owó yìí láti ọdún mélòó kan. Nínú méjèèjì tí ẹ dárúkọ, kò sí èyí tó máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ fún yín. Ọmọ tó ṣì máa wà lẹ́nu iṣẹ́ náà lọ́dún kejì ni ẹ̀ ń wá.

Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Ọmọ á gba sikọ́láṣíìpù, wọ́n á yà á ní fọ́tò pẹ̀lú Kábíyèsí, tó bá ṣe díẹ̀ yunifásítì á pè é fún Mass Communication, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò burú o. Ta ló máa kọ yunifásítì? Ṣùgbọ́n ọmọ míì tó ti ń tú rédíò bàbá rẹ̀ láti JSS1 wà nílé tí kò rí nǹkan kan gbà.

Ẹ má bi ọmọ bóyá ó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tíṣà ti kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ. Ẹ ní kó mú ìwé JAMB rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n tẹ̀ fún un nígbà tó forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe Electrical tàbí Mechanical, English, Maths, Physics àti Chemistry lẹ máa bá níbẹ̀. Tí ẹ bá rí Government àti Literature, tí Law wà lókè, ọmọ yẹn ti sọ òótọ́ fún JAMB kó tó wá bá yín. Ẹ ṣàdúrà fún un, ẹ pe ẹni tó kàn. Èyí tí kò gba fọ́ọ̀mù JAMB rárá, ẹ má torí ìyẹn yọ ọ́. Ó lè jẹ́ owó fọ́ọ̀mù ni kò sí, ó sì lè jẹ́ ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló fẹ́ lọ tààrà.

Àbí, ẹ tiẹ̀ mú fọ́ọ̀mù dé Government Technical College tó wà ní Ìkòròdú níbí? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í rántí wọn, torí NABTEB, ìdánwò àwọn ilé-ìwé iṣẹ́ ọwọ́, làwọn yẹn ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní JSS3 ni irinṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ sì kọ́kọ́ mọ ibi tí owó yín lè gbé ọmọ dé. Ọdún 2 ni ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní poly. HND tó tẹ̀lé e, ọdún 2 míì, IT, ìgbà tí ọmọ máa ń lọ fi iṣẹ́ kọ́ra ní ilé iṣẹ́, wà láàárín wọn. Iṣẹ́ ẹnjiníà ní yunifásítì, ọdún 5. Mò ń sọ èyí nítorí pé Lagos State Polytechnic tiwa níbí ti di yunifásítì láti 2022, LASUSTECH ló ń jẹ́ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Poly ni gbogbo wa ṣì ń pè é. Ọmọ tó bá ní Poly Ìkòròdú ni òun ń lọ, ẹ bi í léèrè pé ẹ̀kọ́ wo, ọdún mélòó. Èyí tó ń lọ sí Yaba Tech máa nílò ibi tó máa sùn. Tó bá ní òun á máa ti Ìkòròdú lọ lójoojúmọ́, ẹ̀yin náà mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń há ní ọ̀nà Mile 12. Owó kò sì gbọdọ̀ jáde kí èsì WAEC tó jáde. Oṣù kẹjọ ló sábà máa ń jẹ́. Tí kò bá ní iye kírẹ́díìtì tí poly tó fẹ́ lọ ń béèrè, pàápàá nínú Maths àti Physics, wọn kò ní gbà á fún iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ìdánwò ọwọ́ gan-an ni kí ẹ fara balẹ̀ ṣe. Tiwa ni pé a máa ń gbé extension kan kalẹ̀ tí wáyà ti já nínú rẹ̀, pẹ̀lú sikúrúdíráfà àti píláyà, a ó ní kí ọmọ wò ó, kó sọ ohun tó ṣe é, kó tún un ṣe. Àtúnṣe yẹn fúnra rẹ̀ kò jọ mí lójú. Ọmọ tó kọ́kọ́ wo ẹnu wáyà bóyá ó wà nínú iná kó tó fọwọ́ kàn án ni mò ń wò, àti ẹni tó kó síkúrù rẹ̀ jọ sójú kan. Òmíràn, ọ̀kan á yí lọ sábẹ́ tábìlì, kò ní mọ̀. Tó bá sì há sí i lọ́wọ́, ṣé á bi wá ni, àbí á máa fipá fà á?

Ọmọbìnrin kan wà tí kò tiẹ̀ tún tirẹ̀ ṣe tán. Ó kàn na ìka sí ibi tí rọ́bà wáyà ti dúdú díẹ̀, ó ní, "Mà, èyí ti gbóná rí, ohun tó lágbára jù ú lọ ni wọ́n kì bọ̀ ọ́." Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ mú ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ parí. Mo bá wọn fà á gidigidi. Ọmọbìnrin yẹn wà ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀dọ̀gùnyàn báyìí, òun ló ń tọ́jú mọ́tò ẹ̀rọ wọn.

Fún ìṣirò, ẹ fi ìwé sílẹ̀. Yàrá gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3.2, táìlì 40 sẹ̀ǹtímítà níhìn-ín, 40 lọ́hùn-ún. Mélòó la máa rà? Ọ̀pọ̀ á rí 80. Ọmọ tí mo máa ń fàmì sí orúkọ rẹ̀ ni èyí tó bá bi mí pé, "Èyí tó máa fọ́ ńkọ́?"

Ẹni tó bá ń lọ sídìí iṣẹ́ iná, ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò. Àwọn kan wà, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí pupa àti àwọ̀ ewé kò yàtọ̀ lójú wọn, àwọn fúnra wọn lè má mọ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti wáyà fún tipẹ́, pupa ni iná, dúdú ni neutral, wáyà tí iná ń bá padà, àwọ̀ ewé ló ń lọ sí ilẹ̀. Ẹni tó bá gbé pupa sí ipò àwọ̀ ewé, ara ẹ̀rọ náà gan-an ni iná á wà, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló máa gbé. Ẹ kó ègé wáyà aláwọ̀ oríṣiríṣi sílẹ̀, kí ó ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí kò bá lè ṣà á, ẹ pè é sẹ́yìn, ẹ má sọ ọ́ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: iṣẹ́ púlọ́ńbà wà, wẹ́dà wà.

Ẹ dé ilé wọn. Bí bàbá bá ní ọmọ òun kì í ṣe olódo tó máa lọ máa jó irin, ọmọ yẹn kò ní pẹ́ níbẹ̀, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n ṣe tó. Àwọn ìyá tí ẹ̀rù ń bà nítorí ọmọbìnrin wọn, àwa kì í bá wọn jiyàn. A máa ń ní kí wọ́n tẹ̀lé wa lọ wo ibi tí ọmọ ti máa kọ́ṣẹ́.

Lẹ́tà àwọn èèyàn ńlá máa dé, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ sórí fọ́ọ̀mù, kí orúkọ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ sì jáde. Ẹ má dúró lé orúkọ tí ilé-ìwé bá fi ránṣẹ́ nìkan. Ọ̀gá ilé-ìwé kan kó head boy àti àwọn prefect rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ọmọ tó ń bá wọn tún jẹnẹrétọ̀ ṣe kò sí nínú wọn. Mẹ́gáàdì ló júwe rẹ̀ fún wa.

Owó ilé-ìwé, àkántì ilé-ìwé ni kí ẹ san án sí. Ti irinṣẹ́, ẹ bá ọmọ rà á, kí ẹ sì ra píláyà tí rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ nípọn, kì í ṣe èyí tó máa bó láàárín oṣù kan. Tí ẹ bá ti mọ Sátidé tí ẹ fẹ́ lò fún ìdánwò ọwọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Extension tó ti bàjẹ́ kò wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi.