Èsì: Ọmọ tó ń fi gbogbo ọ̀sán mọ ère amọ̀

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má ṣe gba amọ̀ lọ́wọ́ ọmọ yín tí ẹ ní ó ń mọ ère lẹ́yìnkùlé, tí ó sì ń da ìbéèrè bò yín; ẹ kàn ya àkókò kan sọ́tọ̀ fún un lẹ́yìn iṣẹ́ àmúrelé. Èyí dúró bí òun fúnra rẹ̀ bá ń parí ohun tó dáwọ́ lé. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ni ó ń sá fún, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu olùkọ́ rẹ̀.

Láti Iléṣà tí ẹ wà, Ifẹ̀ kò jìnnà. Ẹ mú un lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ẹnuwá, kí ẹ sì sọ fún un nípa àwọn ère orí onídẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ìda ni àwọn àgbẹ́dẹ ayé ijọ́un fi kọ́kọ́ mọ ojú wọn. Wọ́n fi amọ̀ bò ó, iná yọ́ ìda náà dànù, wọ́n sì da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀.

Ẹ má yára ṣàlàyé, nítorí pé àwa àgbà a máa fi ìdáhùn pa ìbéèrè. Ẹ kọ́kọ́ bi í bí ó ṣe rò pé wọ́n ṣe é, torí ọmọ tó ti fojú inú wá ọ̀nà kan fúnra rẹ̀, kódà bí ó bá ṣì í, ni àlàyé tòótọ́ máa ń wọ̀ lára.